Ìpele Ọgbọ́n Àtọwọ́dá: Ta Ni Ó Pín In, Nígbà Wo?

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣàlàyé ọgbọ́n àtọwọ́dá fún àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó kọ àròkọ alálàyé lè fi í ṣe àkọlé, àwa ni a ó sì fún un ní máàkì. Láìpẹ́ yìí, a gba irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sọ pé ìpele mẹ́ta ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ní, pé ẹ̀rọ ti kúrò ní ìpele kìíní, ó wà ní ìkejì, yóò sì dé ìkẹta kí àwọn tó jáde ìwé mẹ́wàá. A ti kọ "ó dára púpọ̀" sí abẹ́ iṣẹ́ mélòó kan kí a tó dúró bi ara wa pé: ta ni ó pín in sí mẹ́ta? Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú ti rí? Ohun tí a rí nígbà tí a wádìí rẹ̀ ni a gbé kalẹ̀ níhìn-ín.

Bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1950 ni Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, béèrè nínú àpilẹ̀kọ kan bóyá ẹ̀rọ lè ronú. Lójú tirẹ̀, ìbéèrè náà kò nítumọ̀ tó bí a ti gbé e kalẹ̀, ó sì fi eré kan rọ́pò rẹ̀: kí ènìyàn máa fi ìwé bá ẹnì kan àti ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀ láì rí wọn, bí kò bá lè dá èyí mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà gbìyànjú.

Ní 1955, John McCarthy, Marvin Minsky, Nathaniel Rochester àti Claude Shannon kọ̀wé béèrè owó fún ìpàdé kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní Amẹ́ríkà. Inú ìwé yìí ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ sí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti jáde. Wọ́n ní bí ènìyàn mẹ́wàá bá fi oṣù méjì ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà ooru ọdún 1956, ìtẹ̀síwájú ńlá lè wà. Ẹni tí ń béèrè owó kì í fi ẹnu kékeré béèrè.

Ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ kan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò. Yorùbá ní ọgbọ́n, ìmọ̀, òye àti làákàyè, wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ tí ó ti há tábìlì ìsọdipúpọ̀ sórí ní ìmọ̀. Èyí tí ó wo ojú ìyá rẹ̀ tí ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè owó lónìí ni ó ní òye. Àwọn kan ń pe ohun tí à ń wí yìí ní òye àtọwọ́dá. Ọgbọ́n tẹ́ wa lọ́rùn ju òye lọ, nítorí pé a tún máa ń lo ọgbọ́n fún ète tí a fi ṣe nǹkan. A lè sọ pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe pàkúté, láì sọ pé pàkúté mọ ohun tí ó mú.

Ẹ̀rọ tí ń ta eré, ẹ̀rọ tí ń fèsì

Ayò ni àpẹẹrẹ tí ó tètè ń yé ọmọ. Ọ̀ta a máa ro ibi tí ọmọ ayò yóò dé bí òun bá ta á báyìí, àti ohun tí ẹnì kejì lè fi fèsì. Ẹ̀rọ Deep Blue tí ilé iṣẹ́ IBM ṣe fún eré chess ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi pé ó lè yẹ ipò bí 200,000,000 wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 1996, Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé nínú eré náà, jẹ ẹ́ ní Philadelphia. Ní oṣù Karùn-ún 1997, ní New York, ẹ̀rọ náà jẹ òun náà. Síbẹ̀, bí a bá gbé ọpọ́n ayò síwájú Deep Blue, kò lè ta ọmọ kan. Èyí ni ọgbọ́n oníṣẹ́-kan, ìpele kìíní nínú ìwé àwọn ọmọ wa.

Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT gbé ètò kan jáde tí ó pè ní ELIZA, tí ń dáhùn bí oníṣègùn ọkàn. Bí ẹnì kan bá ní ìyá òun ni kò jẹ́ kí inú òun dùn, yóò ní kí ó sọ̀rọ̀ sí i nípa ẹbí rẹ̀. Kò mọ ìyá, kò mọ ẹbí. Ọ̀rọ̀ ni ó ń yí padà. Weizenbaum ròyìn pé akọ̀wé òun, tí ó ti ń wo iṣẹ́ náà fún oṣù púpọ̀, ní kí òun bọ́ síta kí ó lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún dé ibi pé ó kọ odidi ìwé ìkìlọ̀ jáde ní 1976. Ní tiwa, bí àyè ìtàn kan ṣoṣo bá wà nínú ẹ̀kọ́ náà, ti ELIZA ni a ó sọ.

Ibi tí àkàbà ti wá

Ní 1965, Herbert Simon sọ pé láàárín ogún ọdún, kò ní sí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe tí ẹ̀rọ kò ní lè ṣe. 1985 dé, ó kọjá. Kí ó tó dé rárá, ìjábọ̀ tí James Lighthill kọ ní Ìlú Ọba ní 1973 ti fi hàn pé ìlérí ju iṣẹ́ lọ, owó ìwádìí sì dínkù níbẹ̀.

Nínú 1965 kan náà ni I. J. Good, tí òun àti Turing jọ ṣiṣẹ́ nígbà ogun, kọ̀wé pé bí a bá lè ṣe ẹ̀rọ kan tí ó gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ, ẹ̀rọ náà yóò lè ṣe èyí tí ó tún gbọ́n jù ú lọ. Àbá ni ó dá. Kò fi ẹ̀rọ kankan han ẹnikẹ́ni. Àbá yìí, tí ìwé Nick Bostrom tún tàn kálẹ̀ ní 2014, ni àwọn ọmọ ń pè ní ìpele kẹta, ọgbọ́n àjùlọ.

John Searle ló pín in lọ́nà mìíràn ní 1980. Ó ya ẹ̀rọ tí ó jẹ́ irinṣẹ́ lásán sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tí àwọn kan ní ó ní ọkàn ní ti gidi, ó sì kọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà nìkan lè fún ẹ̀rọ ní ọkàn. Ohun tí ó ń bi ni bóyá ẹ̀rọ lóye, kì í ṣe iye iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé ti da èyí pọ̀ mọ́ oníṣẹ́-kan àti oníṣẹ́-gbogbo bí ẹni da iyanrìn mọ́ gààrí.

Ní 2016 ni Arend Hintze tó ka irú mẹ́rin: ẹ̀rọ tí ń fèsì lásán bíi Deep Blue, èyí tí ó ní ìrántí díẹ̀, bí ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀, èyí tí yóò mọ̀ pé ẹlòmíràn ní èrò inú, àti èyí tí yóò mọ ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìkẹta àti ìkẹrin sí ọjọ́ iwájú. Nítorí náà, kì í ṣe àkàbà kan ni a ń gùn bọ̀. Ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, nítorí ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìdánwò àti máàkì

ChatGPT tí ó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2022 ni ó da ọ̀rọ̀ náà rú. A fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ kọ́ ọ láti máa sọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé èyí tí ó ṣáájú. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣe ìṣirò, ó ń pa àlọ́, àwọn ọmọ sì ní ìpele kejì dé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń jiyàn lórí rẹ̀. A fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan tí kò ní àmì ohùn, nípa bàbá tí ó gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sí oko. Ó fi àmì sí i, bàbá sì gbé ọkọ̀ lé èjìká. Akẹ́kọ̀ọ́ wa náà a máa ṣi àmì fi, ṣùgbọ́n kì í rò pé ọkọ̀ ni bàbá gbé.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olùdánwò ni pé kí a má ṣe béèrè mọ́ pé "Dárúkọ ìpele mẹ́ta ọgbọ́n àtọwọ́dá." Kí a béèrè èwo ni ó wà, èwo ni ó jẹ́ àbá, àti ẹni tí ó dá a. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ pé ọgbọ́n àjùlọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà lè gba máàkì èdè, kí ó má ṣe gba ti kókó ọ̀rọ̀.

A gba àròkọ àwọn ọmọ wa padà. Ọ̀kan bi wá pé, "Sà, ṣé ẹ fẹ́ yọ máàkì tí ẹ ti fún mi ni?" A kò yọ ọ́, nítorí pé àwa ni a ṣì í kọ́. A kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn tí ó ti ní ẹ̀rọ wà ní ìpele kejì: "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" A sì ní kí ó lọ wá ìdáhùn wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.