Kí ló ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ máa fi ebi pa ara ẹ̀? Ohun tó ń fa àìsàn ìjẹun

Tí ọmọ tó ti ń bàlágà bá ń sá fún oúnjẹ lójoojúmọ́, ohun táwọn òbí kan sábà máa ń sọ ni pé agídí ló ń ṣe é, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Àmọ́ àwọn dókítà ní àìsàn gidi ni. Inú ọkàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, orí oúnjẹ ló ti ń hàn síta.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ẹni tó ní anorexia máa ń febi pa ara ẹ̀ torí pé ó ń bẹ̀rù àtisanra, kódà nígbà tó bá ti rù kan egungun. Ẹni tó ní bulimia máa ń jẹ àjẹjù, á wá lọ bì í tàbí kó mu oògùn tó ń múni yàgbẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń jẹ àjẹjù láì lè dá ara ẹ̀ dúró, àmọ́ kì í bì í. Obìnrin ló ń bá jà jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkùnrin náà.

Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló ń fà á.

Àjogúnbá: Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Lọ́dún 2019, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn tó lé ní 16,000 tó ní anorexia fi hàn pé ohun tí èèyàn jogún nínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á.

Ebi fúnra ẹ̀: Láàárín 1944 sí 1945, ọkùnrin 36 tí ara wọn dá ṣáṣá gbà kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí wọn ò fi ronú nǹkan mìíràn ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa jẹun padà, àwọn kan ò lè dáwọ́ dúró mọ́. Ìdí nìyẹn tí fífi ebi dín ọ̀rá kù fi lè di ìlẹ̀kùn tí àìsàn yìí ń gbà wọlé.

Àwòrán: Ní erékùṣù Fiji, bíi tilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, àmì ìgbádùn ni kí èèyàn sanra. Ọdún 1995 ni tẹlifísọ̀n dé agbègbè Nadroga níbẹ̀. Nígbà yẹn, Dókítà Anne Becker ti Yunifásítì Harvard ò rí ọmọbìnrin ilé-ìwé kankan tó ń bì kó má baà sanra. Nígbà tó fi máa di 1998, nǹkan bí 11 nínú 100 ló ń ṣe é. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dà bí àwọn òṣèré tí àwọn ń wò. Lóde òní, inú fóònù làwòrán náà wà, kì í sì í tán.

Ọ̀rọ̀ ẹnu: "Orobo" lè jẹ́ àwàdà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, àmọ́ ó lè wọ ọmọ lára. Yẹ̀yẹ́ ilé-ìwé, ìfipábánilòpọ̀, àníyàn, àti ìwà pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ pé pérépéré wà lára ohun tó ń dá kún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó ń sáré wọ ilé ìwẹ̀ ní gbàrà tó bá jẹun tán, tó ń fi oúnjẹ pamọ́, tí nǹkan oṣù ẹ̀ dáwọ́ dúró tàbí tó ń dákú. Anorexia wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pààyàn jù, torí ebi àti èébì lè da lílù ọkàn rú.

Lílù tàbí fífi tipátipá bọ́ ọmọ nílé ò lè wò ó sàn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí dókítà yẹ ara àti ọkàn ẹ̀ wò. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní Aró l'Abẹ́òkúta àti ní Yábàá l'Ékòó. Kò dìgbà tí èèyàn bá ya wèrè kó tó lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn padà.