Furby: Ẹ̀rọ Tó Ní Ẹ̀rù Ń Ba Òun

Bí ẹ bá dorí Furby kodò, á pariwo pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọmọ tó gbé e lọ́wọ́ mọ̀ pé bátìrì ló ń lò. Síbẹ̀, àánú á ṣe é, á yára gbé e nàró.

Ará Amẹ́ríkà méjì, Dave Hampton àti Caleb Chung, ló ṣe Furby. Lọ́dún 1997, Hampton rí Tamagotchi, ẹran ọ̀sìn ojú ẹ̀rọ tó wá láti Jàpáànù, tí àwọn ọmọ ń tẹ bọ́tìnnì kí wọ́n tó lè fún un lóúnjẹ. Àléébù ibẹ̀ ni pé èèyàn ò lè fọwọ́ pa á lára. Ni wọ́n bá ṣe èyí tó nírun, tó létí, tójú rẹ̀ rógódó. Ilé-iṣẹ́ Tiger Electronics gbé e jáde ní 1998.

Ẹ gbọ́ ná: ẹ́ńjìnnì kan péré ló wà nínú rẹ̀. Òun náà ló ń fi jíà ṣí ojú, tó ń gbọn etí, tó ń la ẹnu. Lára ohun tí Furby lè mọ̀ ni ìmọ́lẹ̀, ariwo, ọwọ́ tó kàn án, àti bóyá ó dúró tàbí ó dorí kodò.

Chung ní ohun mẹ́ta ló ń mú ẹ̀rọ jọ ohun ẹlẹ́mìí: kó fi bó ṣe ń ṣe é hàn, kó mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀, kí ìwà rẹ̀ sì máa yí padà. Ìkẹta yìí ló ríni mú jù. Èdè Furbish ni Furby kọ́kọ́ ń sọ. Tó bá yá, Gẹ̀ẹ́sì á máa pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ẹnu àwọn ló ti kọ́ ọ. Irọ́ o! Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú rẹ̀ kó tó kúrò nílé-iṣẹ́.

Àwọn àgbà pàápàá gbà á gbọ́. Ní January 1999, ìròyìn jáde pé NSA, àjọ tó ń ṣe amí fún ìjọba Amẹ́ríkà, ti ní kí òṣìṣẹ́ má gbé Furby wọ ọ́fíìsì, kó má lọ tún ọ̀rọ̀ àṣírí sọ níta. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fèsì pé kò lè gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Hampton àti Chung fún ẹ̀rọ lójú, àwa la fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Nígbà yẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí òfìfo ni inú Furby. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń kí wa pẹ̀lẹ́ lórí fóònù, tó ń bá wa kẹ́dùn, ń fi ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹni tó ni ín.

NSA sá fún ẹ̀rọ tí kò lè pa ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Èyí tó wà lápò wa ńkọ́?