Ogun Iyanrìn ní Etí Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ogun tó le jù ni ti ènìyàn sí ènìyàn, ẹ ò tíì bá iyanrìn jagun. Iyanrìn kò ní idà, kò ní ọ̀kọ̀, kò tilẹ̀ ní ohùn tí yóò fi halẹ̀ mọ́ni, síbẹ̀ ojú wa ló ṣe fẹ́ gbé akọni wa mì. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an. N kò ní bu iyọ̀ sí i.

Ìpakodò ni a ti gbéra ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo ọ̀sà lójú. Àgọ́, ìkòkò, omi mímu àti àpò èédú kún ẹ̀yìn jíìpù bámúbámú. Ẹni tó wà á ni ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Balógun, torí kò sí kòtò Ìkòròdú tó lè dá a padà. Ó gbá ọkọ̀ náà nídìí, ó ní, “Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn bá lè dé, tèmi yìí á dé e.” A ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sírọ́ ńbẹ̀!”

A kọjá Ìmọ́tà, níbi tí ilé ìlọrẹsì tí wọ́n ṣí ní 2023 dúró gàgàrà sí, òmìrán tó lè jẹ ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan ṣoṣo. A já sí Ìtòìkín, a wọ Ẹ̀pẹ́, a ra ẹja àrọ̀ tó ṣì ń jà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà Olúwo, a sì dorí kọ òkun níhà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí.

Ibẹ̀ ni ẹranko náà ti ń dúró dè wá. Kì í jẹko, epo ló ń mu. Ara rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sanra. Quad ni àwọn ọmọ etíkun ń pè é. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe bí i. Ní 1967, àwọn tó ń ta alùpùpù Honda ní Amẹ́ríkà ké gbàjarè pé bí yìnyín bá ti bọ́, ọjà àwọn a kú. Osamu Takeuchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Jàpáánì, gba iṣẹ́ náà. Ó dán ẹsẹ̀ méjì wò, ó dán mẹ́ta, títí ó fi dé mẹ́fà. Mẹ́ta ló padà mú, ó wá fi táyà ńlá tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan wọ̀ ọ́. Ní 1970 ó jáde sọ́jà. Agbára ẹṣin méje péré ló ní, àmọ́ ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń kú ló ti ń jó. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà kò ṣe é fọkàn tán, ó máa ń dojú dé, ó sì pa ènìyàn, tọmọdé tàgbà. Ní 1982 ni Suzuki fún un ní ẹsẹ̀ kẹrin. Ní 1988 àwọn tó ń ṣe é bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣàdéhùn pé àwọn kò ní ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi í háyà dé akoto sí wa lórí. “Àtàǹpàkò lẹ ó fi fún un níná, ẹ rọra. Bí ẹ bá ń yà, ẹ jẹ́ kí ara yín bá a yà.” Mo tẹ̀ ẹ́! Atẹ́gùn gba etí mi, ìgbì ń bú lọ́tùn-ún, igi àgbọn ń sá sẹ́yìn lósì, ẹnu mi ò sì lè pa dé mọ́.

Balógun wò wá títí, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó kó sínú jíìpù, ó sọ̀ kalẹ̀ sí iyanrìn. Kò rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi kúnlẹ̀. Ó fún un níná, iyanrìn ń fò. Bó ṣe ń bínú ni ọkọ̀ ń rì. A tì í, kò mì. A tẹ́ imọ̀ àgbọn sábẹ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ mọ́ iyanrìn. Òkun sì ti ń kún bọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnjìnnì. Ẹ jẹ́ ká jo afẹ́fẹ́ táyà dànù.”

“Afẹ́fẹ́ tó gbé ọkọ̀ dúró? Ṣé o fẹ́ kó yarọ ni?”

Ìgbì kan ló bá a dáhùn: ó fọ bọ́ńpà. Balógun gbà. A jo afẹ́fẹ́ táyà dé ìlàjì, táyà tẹ́, ó fẹ̀, ẹrù ọkọ̀ tàn káàkiri orí iyanrìn dípò kó gún un nínú. Balógun rọra fún un níná, jíìpù sì gòkè wá. Ìgbì tó tẹ̀lé e ló dí kòtò náà.

Lálẹ́, a pàgọ́, a yan ẹja. Ẹnìkan nínú wa, ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, yíjú sí Balógun, ó ní, “Ẹ má banú jẹ́, ọba náà ti jo afẹ́fẹ́ tirẹ̀ létí òkun yìí.” Ó sọ ti Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí àgbá Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí ìtẹ́ ní December 1851, tó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Títí dòní ni wọ́n ń fi ọdún Káyókáyó rántí bó ṣe gúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbógun, kò rọ́nà. Ní September 28, 1854, ó bá Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, tọwọ́ bọ̀wé: ó fi ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé kó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kí. Nígbà tó di 1862, ó padà sí Èkó lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Balógun kò fèsì. Orí ẹja ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó máa sáré lórí ọ̀dà, fọkanáísà fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ padà, torí táyà tó rọ̀ a máa gbóná lórí ọ̀dà títí yóò fi bẹ́. Balógun sanwó, ó sì ra ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Ó ní, “Ẹni tó bá tún fẹ́ pè mí ní Balógun, kó kọ́kọ́ bi mí pé èló ló wà ní táyà.”