Ọtí Àná àti Ẹ̀kọ Gbígbóná Nílẹ̀ Adó

Abẹ́ òrùlé kan náà ni ọtí àti ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé nílé wa. Bàbá mi ń dá ẹmu lóko tó wà lọ́nà Ìyìn, yèyé mi ń ta ẹ̀kọ nítòsí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì. Àwọn tí bàbá mi bá bu ẹmu fún nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dé ìdí àdògán yèyé mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ojú wọn á pọ́n, wọ́n á fọwọ́ di iwájú orí mú, wọn kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Nígbà tí èmi náà di nọ́ọ̀sì, tí mo ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti bàjẹ́ lára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ohun tí àwọn òbí mi mọ̀. Èrò mi ni pé ọgbọ́n tí àwọn ará Èkìtì fi ń dènà ọtí àná lágbára ju èyí tí wọ́n fi ń wò ó lọ, ìyẹn gan-an la sì kọ́kọ́ sọ nù.

Láti orí ọ̀pẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Omi tó ń kán sínú akèǹgbè máa ń dùn, kò sì lágbára, ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèǹgbè kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú rẹ̀ á ti máa di ọtí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè to ẹmu jọ sí yàrá. Ìwọ̀n tí ọ̀pẹ bá mú wá lónìí ni agbo máa mu lónìí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ le ju bíà lọ.

Ìlànà tún wà nídìí mímu rẹ̀. Ẹni tó kéré jù nínú agbo ló ń jókòó ti àgbè, òun ló ń bu ẹmu sínú ahá fún àwọn àgbà, ahá á sì máa yí kiri díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi kì í bu fún ọmọkùnrin tí kò bá tíì jẹun. Á ní, "Lọ jẹ iyán rẹ ná, ẹmu kò ní sá." Ìmọ̀ ìṣègùn wà lẹ́yìn rẹ̀: oúnjẹ tó wà nínú ikùn kì í jẹ́ kí ọtí tètè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ìtàn tí gbogbo Yorùbá mọ̀ sọ pé ẹmu ló mú Ọbàtálá sùn títí Odùduwà fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, títí dòní ni àwọn olórìṣà rẹ̀ sì ń yẹra fún ẹmu. Ní Ìrè-Èkìtì, lágbègbè Ọ̀yẹ́, àgbè ẹmu tó ṣófo ló dá wàhálà Ògún sílẹ̀. Ó bínú pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀.

Ẹ̀kọ tí yèyé mi ń po fún àwọn tí orí ń fọ́ máa ń ṣàn, kì í ki. Á bu omi ọbẹ̀ ata tó fi ẹja gbígbẹ sè tì í. Àwọn kan máa ń béèrè omi ewúro. Yèyé á fún ewé náà nínú omi láìfi iyọ̀ sí i, ẹni náà á dijú, á sì gbé e mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ọkùnrin gbẹ́kẹ̀ lé orógbó, wọ́n ní ó ń pa oró ọtí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń mu epo pupa díẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi àríyá.

Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti mọ ìdí tí ẹ̀kọ yẹn fi ń tù wọ́n. Ọtí kì í jẹ́ kí ọpọlọ sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi dúró, ìdí nìyẹn tí ọ̀mùtí fi ń tọ̀ lóru, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì máa ń gbẹ láàárọ̀. Ẹ̀dọ̀ náà á ti sọ ọtí di acetaldehyde, tó jẹ́ májèlé, kó tó tún un tú. Ẹ̀kọ dá omi àti okun padà sí ara, ọbẹ̀ dá iyọ̀ padà. Ìtura ni, kì í ṣe ìwòsàn. Ní ti ewúro, ìwádìí kan lórí eku ní 2006 fi hàn pé omi rẹ̀ dáàbò bo ẹ̀dọ̀ tí paracetamol púpọ̀ ń bàjẹ́. Eku ni o, orífọ́ ọtí kọ́ ni wọ́n sì ń wò. Olùwádìí Pittler àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yẹ ìdánwò mẹ́jọ wò nínú ìwé ìṣègùn BMJ ní 2005, wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ohunkóhun ń dènà ọtí àná tàbí ń wò ó. Ohun tó dájú kò ju pé kéèyàn má mu púpọ̀.

Àwọn ọtí líle ló ba ìlànà àwọn baba wa jẹ́. Jíìnì àti ṣináàpù láti Jámánì àti Holland gba èbúté Èkó wọlé, kì í sì í kan bí ẹmu. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ CMS lòdì sí òwò yìí gidigidi, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1909. Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 fòfin de ọtí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà, owó orí jíìnì tó kù sì ń ga sí i. Nígbà tí owó wọ́n káàkiri ayé láyìíká 1930, àwọn ènìyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹmu tí ooru rẹ̀ á di ògógóró. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tó ń sè é lọ sẹ́wọ̀n, síbẹ̀ kò parun. Ọdún 1930 yẹn náà ni ìsọjí oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìjọ CAC tó ti inú ìsọjí náà gbilẹ̀ sì ka ọtí léèwọ̀ pátápátá. Bíà Star jáde ní Èkó ní 1949, owó kòkó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgò lè dúró lóṣù, ẹni tó bá lówó lè mu títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí ọ̀pẹ tó ń sọ fún un mọ́ pé ti òní ti tán.

Ohun tó dùn mí jù ni paraga. Lónìí, ẹni tí ọtí àná ń dà láàmú ní Adó kì í wá ẹlẹ́kọ mọ́, gáréèjì ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti rẹ egbò àti èèpo igi sínú ògógóró. Wọ́n ní ọtí ni wọ́n fi ń tú ọtí. Lóòótọ́ ni orí máa fúyẹ́ díẹ̀, nítorí ọtí tuntun sún ìrora síwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ti di méjì. Inú mi dùn nígbà tí àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní oṣù kejì ọdún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú lẹ́yìn náà.

Ìpínlẹ̀ kan ni àwa àti àwọn ará Oǹdó títí di October 1, 1996, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin ọdún 2015 wọ̀ mí lára. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n dákú, ọ̀pọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ń sọ pé òrìṣà ló ń jà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, tó bá jẹ́ pé orí lásán ló ń fọ́ ẹni tó mutí, ẹ fún un ní omi àti ẹ̀kọ tó ṣàn, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ má sì fún un ní paracetamol lé ọtí lórí. Ṣùgbọ́n tó bá ní òun kò ríran dáadáa, tí ó ń mí gúlegúle, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má fún ewúro, ẹ má ra paraga. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ irú ọtí tó mu fún wọn.