Lẹ́tà Mélòó Ló Wà Nínú "Ọ̀rọ̀"?

Ẹ kọ "ọ̀rọ̀" sójú pátákó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe áàpù fóònù ní Yunifásítì Èkó, ní Àkókà, kí ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé lẹ́tà mélòó ni. Mẹ́ta ni wọn yóò wí: ọ, r, ọ. Ẹ wá fi Kotlin, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù, bi fóònù. Ó lè ní márùn-ún ni, ó sì lè ní méje ni. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, fún "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà fún "ọ̀" lódidi. Àmì ohùn ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù kan bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ lára "o", iye á lé sí i. Ìdí rèé tí èèyàn fi lè wá "Ṣọlá" nínú áàpù, kí áàpù ní kò sí, nígbà tí Ṣọlá wà níbẹ̀ gedegbe.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni wọ́n sì fi ń ṣèdánwò. Káràkítà ni olùkọ́ ń pe lẹ́tà, òun náà ló ń pe àmì orí àti ti ìsàlẹ̀. Yorùbá ti ya lẹ́tà àti àmì sọ́tọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Síbẹ̀, orúkọ gígùn ló wu àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún irú nǹkan báyìí. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí wọ́n fi ń pe kọ̀ǹpútà, dùn létí lórí rédíò, àmọ́ ta ló ń gbé ayárabíàṣá lọ túnṣe ní Yábàá? N ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ àyálò bí áàpù. Àwọn onímọ̀ èdè fi fóníìmù àti mọ́fíìmù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ayé ò bàjẹ́. Ibi tí ọwọ́ wọn ti dá ṣáṣá ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe: ìpajẹ láti ara pa jẹ, àrànmọ́ láti ara ràn mọ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ọgbọ́n yẹn.

Ara ọ̀rọ̀ ìṣe ni mo fẹ́ kí àwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù tó há kò tíì kú. A tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó lè jẹ́ pé àṣetúnṣe kan nínú áàpù ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Áàpù tó ṣàdédé pa dé ti dákú, fóònù fúnra rẹ̀ ń mí. Bátìrì ló ń kú. Láti ara dákú ni a ó ti rí ìdákú, ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ kó tó ṣubú á sì di àkọsílẹ̀ ìdákú. Ẹ má pe àléébù inú áàpù ní kòkòrò, ẹ jọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ni kòkòrò yẹn.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀ka kọ̀ǹpútà àti ẹ̀ka ìmọ̀ èdè jọ wà nínú ọgbà kan ní Àkókà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ka àkọsílẹ̀ ìdákú kan ní Yorùbá sí etí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ibi tó bá ti yà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ìkejì fi bírò sàmì sí i.