Ìlà Lójú Bánà

Ìlà lójú bánà jẹ́ àléébù iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ìlà tín-ín-rín, funfun tàbí èyí tó ṣú, máa ń la bánà tàbí sítíkà já láti etí kan dé èkejì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó ń lo íǹkì ló máa ń ní in.

Ní Àkúrẹ́, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1976, àti ní ìlú Oǹdó, bánà ni wọ́n fi ń kéde ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọjí àti ọjọ́ ìbí. Àsìkò ìbò, irú bí ìbò gómìnà tí wọ́n dì ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tún máa ń mú kí iṣẹ́ pọ̀ sí i. Ìlà kan ṣoṣo tó bá gba ojú olóògbé kọjá ti tó kí ẹbí kọ iṣẹ́ náà, ìsìnkú kò sì ní dúró de àtúntẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ máa ń lọ, a sì máa bọ̀ lórí bánà, bí rólà ṣe ń fa bánà síwájú lẹ́sẹẹsẹ. Abẹ́ hẹ́ẹ̀dì kún fún ihò wínníwínní tí íǹkì ń gbà jáde. Hẹ́ẹ̀dì Epson DX5 ní ihò 1,440: ẹsẹ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 180 láàárín ínǹṣì kan. Iye ìgbà tí hẹ́ẹ̀dì gba ojú kan náà kọjá ni pass. Ohun méjì ló sábà máa ń fa ìlà: kí ihò má tu íǹkì mọ́, tàbí kí bánà má sún níwọ̀n tó yẹ.

Ohun tí ìlà ń fi hàn

Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan hẹ́ẹ̀dì, kí ó kọ́kọ́ tẹ nozzle check, ìyẹn àwòrán ìdánwò tó ń fi hàn bóyá gbogbo ihò ń tu íǹkì, kí ó sì wo ìlà náà dáadáa, nítorí ìrísí rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ibi tí àrùn wà.

Bí àwọ̀ kan bá ní àlàfo lójú nozzle check, ihò àwọ̀ náà ti dí. Bí nozzle check bá pé, tí ìlà ṣì ń yọ ní ìwọ̀n dọ́gbadọ́gba, step, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń sún bánà, ni kí a yẹ̀ wò. Ní 4 pass, DX5 máa ń sún bánà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì, bíi mìlímítà mẹ́fà. Ìlà tó bá ń yọ ní ìwọ̀n yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ sísún. Ìlà funfun túmọ̀ sí pé bánà ń sún jù. Èyí tó ṣú túmọ̀ sí pé kò sún tó, íǹkì wá ń gun ara wọn.

Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tí àwọ̀ kan wá ń ṣá díẹ̀díẹ̀, íǹkì kò dé hẹ́ẹ̀dì tó: damper, àpò kékeré tí íǹkì ń gbà kọjá kí ó tó dé hẹ́ẹ̀dì, lè ti dí, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù. Bí etí lẹ́tà bá pín sí méjì, lílọ àti bíbọ̀ hẹ́ẹ̀dì kò bára mu.

Àtúnṣe

Ihò tó dí, kí a fi cleaning ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí a sì nu wiper tó ń nu ojú hẹ́ẹ̀dì àti cap tí hẹ́ẹ̀dì ń jókòó lé. Bí kò bá ṣí, oògùn ìfọ̀ tó bá irú íǹkì náà mu ni kí a fi rẹ hẹ́ẹ̀dì. Omi kò bá íǹkì solvent lò, aṣọ tó le kò sì gbọdọ̀ kan ojú hẹ́ẹ̀dì. Step gbọ́dọ̀ jẹ́ ti róòlù kọ̀ọ̀kan, nítorí flex tí a fi ń ṣe bánà àti sítíkà kì í sún bákan náà. Fífi pass kún un máa ń bo ìlà mọ́lẹ̀, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò wo àrùn náà sàn.

Iná àti ọyẹ́

Bí iná bá lọ lójijì lẹ́nu iṣẹ́, hẹ́ẹ̀dì á dúró láàárín ọ̀nà láìjókòó sórí cap, íǹkì á sì gbẹ sínú ihò. UPS tó lè gbé ẹ̀rọ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn ni ààbò rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń yára mú íǹkì gbẹ lẹ́nu ihò, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ wiper. Fèrèsé tó kọjú sí títì yẹ kó wà ní títì.

Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ nozzle check láràárọ̀, tó ń kọ step róòlù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tó sì ń rí i pé hẹ́ẹ̀dì wà lórí cap kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, kì í dédé ra hẹ́ẹ̀dì tuntun.