Ta Ni Yunifásítì? Ìtàn Ìdíje Ìmọ̀ Lórí Amóhùnmáwòrán

Máàkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí ìdíje ìmọ̀. Ẹgbẹ́ kan gba iye báyìí, ó borí. Èkejì gba iye báyìí, ó fìdí rẹmi. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ó di ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìdíje tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ara wọn ṣe lórí amóhùnmáwòrán láti ọdún 1962 wò dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe máàkì tí ó pọ̀ jù ni ó fa ariwo jù. Ìbéèrè kan wà tí kò sí lára káàdì tí atọ́kùn ń kà, òun ni ó sì ń dá awuyewuye sílẹ̀ léraléra: ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sórí àga yẹn ní orúkọ yunifásítì?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré náà ti ṣẹ̀. Don Reid ni ó dá a sílẹ̀, College Bowl ni orúkọ rẹ̀, orí rédíò ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1953, nígbà tí Northwestern na Columbia ní 135 sí 60. Allen Ludden ni atọ́kùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959 ni ó bọ́ sórí amóhùnmáwòrán. Ìgbà náà kò wọ̀ fún irú eré bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ní ọdún 1958 ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú pé àwọn olóòtú eré ìbéèrè olówó ńlá kan ti ń yọ́ ìdáhùn fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ó borí. College Bowl kò bá wọn lọ sínú ẹrẹ̀ náà. Owó tí ó wà nínú tirẹ̀ kì í bọ́ sí àpò olùdíje. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gbà á láti fi ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1966. Agnes Scott, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan ní ìlú Decatur ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n mú kan Princeton. Princeton ìgbà náà kò tíì máa gba obìnrin wọlé fún oyè àkọ́kọ́. Ta ni yóò fi owó rẹ̀ ta á pé àwọn ọmọbìnrin náà yóò borí? Princeton ni ó wà níwájú bí àkókò ti ń tán lọ. Ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Agnes Scott, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, dáhùn ìbéèrè kan, ó sì gbà á. 220 sí 215 ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Òfin eré náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti tóbi tó, tàbí bí ó ti lórúkọ tó. Mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan, mẹ́rin ni èkejì.

Nígbà tí iléeṣẹ́ Granada mú eré yìí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ ní University Challenge. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ jáde, Leeds àti Reading ni ó sì kọ́kọ́ pàdé. Bamber Gascoigne, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ni atọ́kùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò le. Atọ́kùn yóò ka ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀, máàkì mẹ́wàá ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ agogo ni yóò dáhùn, kò sì gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀. Bí ó bá gbà á, wọn yóò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè àfikún mẹ́ta, máàkì márùn-ún márùn-ún, lórí èyí tí wọ́n lè fi orí kan orí. Ẹni tí ó bá já lu atọ́kùn lẹ́nu tí ó sì ṣì í yóò pàdánù máàkì márùn-ún. Lójú àwọn tí ń wò nílé, ó dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan jókòó sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí èkejì sì wà nísàlẹ̀. Ọgbọ́n kámẹ́rà ni. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí.

Àwọn máàkì tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìgbà Granada ya ènìyàn lẹ́nu. University College ti Oxford gba 520 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní ọdún 1987, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó tíì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà Granada. Síbẹ̀ kì í ṣe àwọn ni ó gba ife ọdún náà. Keble, tí òun náà jẹ́ ti Oxford, ni ó gbà á. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni yunifásítì Sussex wà, tí ó gba máàkì mẹ́wàá péré nínú ìdíje ọdún 1971 sí 1972, ìyẹn ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Sussex yìí kan náà ni ó gba ife ní 1967, tí ó tún gbà á ní 1969. Ẹgbẹ́ ọdún kan kọ́ ni ẹgbẹ́ ọdún kejì; orúkọ nìkan ni ó jọra.

Orúkọ gan-an ni ìjà bá dé lórí rẹ̀. Oxford ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó lé ní ọgbọ̀n, ti Cambridge kò sì jìnnà sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá. Leeds, Reading, Manchester àti àwọn yòókù kò ní ju ẹyọ kan lọ, bí ó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn pọ̀ tó. Lóòótọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì Oxford kì í ṣe yàrá ìsùn lásán. Òun ni ó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní olùkọ́ tirẹ̀, ó ní owó tirẹ̀, àwọn kan sì ti dá sílẹ̀ kí ìlú Manchester tó di ìlú ńlá. Ẹni tí ó bá fi èyí gbèjà òfin náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n oyè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà níbẹ̀, oyè Oxford ni, kì í ṣe oyè Keble. Ẹ tún wo bí ife ti ń rìn: 1970, Churchill, 1971, Sidney Sussex, 1972, University College, 1973, Fitzwilliam, 1974, Trinity, 1975, Keble. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò kúrò ní Cambridge àti Oxford. Ẹni tí ó ju àwọ̀n ogún sódò kò ha ní kó ẹja ju ẹni tí ó ju ẹyọ kan lọ?

Ní ọdún 1975 náà ni àwọn ọmọ Manchester dé yàrá ìgbàwòrán Granada, tí ó wà nínú ìlú wọn gan-an. David Aaronovitch, tí ó di gbajúmọ̀ akọ̀ròyìn lẹ́yìn náà, wà nínú wọn. Gascoigne ka ìbéèrè. Wọ́n ní Trotsky. Ó ka òmíràn. Wọ́n ní Lenin. Ó tún ka òmíràn, Karl Marx. Bí kì í bá ṣe Marx, á jẹ́ Che Guevara. Wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn sí òfin tí ó fún Oxford àti Cambridge ní àyè gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ni, bóyá pẹ̀lú ìrètí pé ètò náà kò ní ṣe é gbé jáde. Granada gbé e jáde síbẹ̀, wọ́n sì lé Manchester kúrò nínú ìdíje náà fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹjọ́ tí àwọn ọmọ náà rò dára. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rò ó ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Àwọn tí ń wòran rántí Trotsky, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ohun tí ó mú un wá. Òfin kò yí padà.

Granada dá eré náà dúró ní 1987. BBC jí i dìde ní 1994, Jeremy Paxman sì gba ipò atọ́kùn. Sùúrù Gascoigne kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn gan-an ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún 2009 ni ìbéèrè àtijọ́ náà tún jí. Corpus Christi, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ní Oxford, ní balógun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gail Trimble, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Látìnì. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta máàkì ẹgbẹ́ rẹ̀, òun nìkan ni ó gbà á wọlé. Nígbà tí wọ́n pàdé Exeter, 350 sí 15 ni. Ìwé ìròyìn kò sinmi lórí rẹ̀, àwọn mìíràn sì sọ ọ̀rọ̀ sí i tí wọn kì bá tí sọ sí ọkùnrin. Ní àṣekágbá tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì, Manchester ni ó ṣíwájú ní ìbẹ̀rẹ̀, kí Trimble tó yí i padà: 275 sí 190. Wọ́n gbé ife fún Corpus Christi.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ife fi kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó hàn pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 2008. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ní lọ́kàn láti padà wá fún oyè gíga, ṣùgbọ́n owó tí ó ń retí kò jáde, ni ó bá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣirò-owó. Òfin sọ pé olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ìgbàwòrán. BBC gba ife náà, wọ́n sì fi í fún Manchester, yunifásítì tí wọ́n ti lé jáde rí nítorí ọ̀rọ̀ Oxford. Bí wọ́n bá fi ojú ìmọ̀ wò ó, kò sí ẹni tí yóò sọ pé Corpus Christi kọ́ ni ó mọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìdíje náà kò fìgbà kan jẹ́ ti ẹni tí ó mọ̀ jù nìkan. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹni tí ó sì ti gba oyè rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ó dun ni, ó sì tọ́.

Manchester kò fi èyí ṣe òpin. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba ife ní 2012 àti 2013, èyí tí ó mú tiwọn di mẹ́rin pẹ̀lú ti 2006 àti ti 2009, iye kan náà pẹ̀lú Magdalen ti Oxford. Imperial ni ó wá kọjá àwọn méjèèjì. Nígbà tí Imperial gba ife ní 1996 àti 2001, kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni, tí ń díje bí ẹni pé ó dá dúró. Ní oṣù keje ọdún 2007 ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ó di yunifásítì fúnra rẹ̀, ó sì tún gba ife ní 2020, 2022 àti 2024. Ìwé àkọsílẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí márùn-ún.